Ọ̀nà Ọsàn: Bí A Ṣe Ń Kápá Síkì Lórí Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níwájú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa ní Òṣogbo, tí mo sì tún kọ sílẹ̀ fún àwọn tí kò lè wá.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó síwájú, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró sẹ́yìn gbọ̀ngàn nítorí pé àga kò kárí, mo kí yín, ẹ kú ọyẹ́. Nígbà tí alága wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ bí mo bá wálé, ọkàn mi lọ sórí físà àti owó ilé-ìwé ní Kánádà, nítorí ohun tí a sábà máa ń bi ará òkè òkun nìyẹn. Wọ́n ní rárá, àwọn ti gbọ́ ìyẹn yó. Wọ́n ní àwọn rí fọ́tò tí mo so igi pẹlẹbẹ méjì mọ́ ẹsẹ̀ lórí òkè funfun kan, àwọn sì fẹ́ kí n wá ṣàlàyé ohun tí ọmọ Òkè-Báálẹ̀ ń wá níbẹ̀.

Síkì ni orúkọ eré náà, òun náà sì ni orúkọ igi tí a ń so mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí òkè. Mo ti pé ọmọ ọdún 38 kí n tó fi ẹsẹ̀ kan án, n kì í sì í ṣe olùkọ́ni. Òṣìṣẹ́ lásán ni mí tó ń fi òpin ọ̀sẹ̀ ṣeré lórí àwọn òkè tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Calgary. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú yín ló ní ọmọ tàbí àbúrò ní ilẹ̀ olótùútù, àwọn mẹ́ta sì ti fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà pé àwọn náà ti dán an wò: àwọn lè sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n eré ló ń gbé àwọn, kì í ṣe àwọn ló ń gbé eré. Irú àwọn wọ̀nyẹn ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù lónìí. Ohun tí mo fẹ́ fi yé wọn kò pọ̀. Ọ̀nà tí a tọ̀ ló ń dín eré kù lórí síkì; ẹsẹ̀ òde, ìyẹn ẹsẹ̀ tó wà ní òdìkejì ibi tí a ń yà sí, ló ń darí wa sí ọ̀nà náà; ẹsẹ̀ òde kò sì ní gbọ́ràn sí ẹni tí ẹ̀rù bá fà sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ méjì wà tí a máa ń dà pọ̀ mọ́ra. Ohun tó máa ń já lu páànù ilé wa nígbà mìíràn tí òjò bá le ni yìnyín. Líle ni, ó sì ń dún. Èyí tó ń rọ̀ ní Kánádà fúyẹ́ bí òwú, òun ni Bíbélì pè ní òjò dídì. Lórí òkè, méjèèjì ló wà. Òjò dídì ni síkì fẹ́, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá yọ́ ọ lọ́sàn-án tí òtútù òru sì tún mú un, yìnyín ni ẹ óò bá níbẹ̀ láàárọ̀, ẹsẹ̀ tí kò tíì gbọ́n yóò sì mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ kíákíá.

Mo gbé tíréè kan wá láti ilé ìyá mi, mo sì ra ọsàn mẹ́ta ní Ọjà Ọba. Ẹ wò ó. Mo gbé etí tíréè kan sókè, mo fi ọsàn lé e, mo yọwọ́. Ọsàn kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó yí lọ tààrà síbi tó rẹlẹ̀ jù. Ojú ọ̀nà tó tọ̀ yẹn wà lára gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà láyé; èmi yóò máa pè é ní ọ̀nà ọsàn títí a ó fi jáde níbí. Bí a bá kọjú síkì sí ọ̀nà ọsàn, eré yóò máa pọ̀ sí i. Bí a bá fi síkì dábùú rẹ̀, a ó dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí àwọn ọmọkùnrin tó ń fi ọmọlanke gbé sìmẹ́ńtì sọ̀kalẹ̀ mọ̀ pé ọlọgbọ́n inú wọn kì í kọjú ẹrù rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ tààrà. Ó ń gbé e sọ́tùn-ún, ó ń gbé e sósì, ọ̀nà rẹ̀ gùn ju ti àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n àpò rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ní pípé.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù lọ́wọ́ ẹni tó ti kọ́ síkì díẹ̀ ni pé kì í parí kọ́nà rẹ̀. Ó yà díẹ̀ kúrò ní ọ̀nà ọsàn, ó tún ti yára kọjú síbẹ̀ padà kí eré tó dín kù. Kọ́nà kìíní fi eré díẹ̀ lé ìkejì lọ́wọ́, ìkejì fi kún un fún ìkẹta, nígbà tó bá fi máa di ìkarùn-ún, agbára rẹ̀ kò ká a mọ́. Á wá ní òkè náà ló ga jù. Ohun tí mo máa ń sọ fún un ni pé kó fara balẹ̀, kó jẹ́ kí kọ́nà náà máa bá a lọ títí síkì yóò fi dábùú òkè pátápátá, bí eré bá sì ṣì pọ̀, kó jẹ́ kí imú síkì yíjú sókè díẹ̀. Òkè fúnra rẹ̀ ni yóò dá a dúró. Kò sí bíréèkì tó dára ju ìyẹn lọ, kì í sì í jẹ ẹni níyà ní itan.

Kí ló wá ń mú síkì yà? Ọ̀rọ̀ náà wá láti èdè àtijọ́ àwọn ará Norway, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni igi tí a là. Igi gbọọrọ ni lóòótọ́ fún ìgbà pípẹ́. Mathias Zdarsky, ará Austria tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ni bí a ṣe ń fi kọ́nà sọ̀kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ńlá, tó sì ṣètò ìdíje láàárín àwọn ọ̀pá tí a rì mọ́lẹ̀ ní Lilienfeld ní ọdún 1905, ọ̀pá àfọwọ́mú kan ṣoṣo ló ń lò, síkì rẹ̀ kò sì fún ní àárín bíi tòní. Ṣùgbọ́n ẹ wo síkì òde òní láti òkè: ó fẹ̀ níwájú, ó fẹ̀ lẹ́yìn, ó sì fún ní ìbàdí, bíi gángan tí ènìyàn tẹ̀ pẹrẹsẹ tó sì fà gùn. Ilé-iṣẹ́ Elan ní Slovenia gbé irú rẹ̀ kan tí wọ́n pè ní SCX jáde ní ọdún 1993, kò sì pẹ́ tí àwọn yòókù fi tẹ̀ lé wọn. Ìbàdí tóóró yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá fi síkì lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí ẹ sì fi ara tẹ̀ ẹ́, iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ yóò di ilẹ̀ mú, àárín rẹ̀ yóò sì rọ̀ títí yóò fi kan òjò dídì. Gbogbo rẹ̀ yóò wá tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun ọdẹ, yóò sì máa ya kọ́nà fúnra rẹ̀. Wọ́n máa ń kọ bí kọ́nà náà ṣe fẹ̀ tó sára síkì. Ti ẹni tó ń ṣe é fún ìgbafẹ́ sábà máa ń wà láàárín mítà 12 sí mítà 18.

Irin tóóró kan wà ní etí síkì lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ lé orí ọṣẹ tútù, yóò yọ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ wá fi ojú rẹ̀ lé e, ọ̀nà kan ṣoṣo ni yóò gbà. Bẹ́ẹ̀ ni etí síkì ṣe rí. Ẹni tó bá lè fi ọrùn ẹsẹ̀ àti orúnkún gbé síkì kúrò ní pẹlẹbẹ sórí etí, kó sì tún dá a padà díẹ̀díẹ̀, ti ní ohun tí ọ̀pọ̀ kò ní. Bí a ṣe ń kọ́ ọ rọrùn, ó sì máa ń sú àwọn ọ̀dọ́ púpọ̀. Ẹ dúró dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí kò ga, síkì méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, orúnkún tẹ̀ sí ìhà òkè kí etí síkì lè di ilẹ̀ mú. Ẹ wá tú orúnkún sílẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ń tú okùn fún garawa nínú kànga. Síkì yóò di pẹlẹbẹ, ẹ óò sì máa yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ sísàlẹ̀. Ẹ fà á padà, ẹ óò dúró. Ẹ tú u, ẹ fà á. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá báyìí ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe mí láǹfààní ju gbogbo eré àsápajúdé tí mo sá ní ọdún méjì àkọ́kọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè dúró lójijì lónìí bí ọmọdé kan bá ṣubú síwájú mi: mo yí síkì méjèèjì dábùú, mo tẹ etí, ó parí.

Mo wá dé orí ẹ̀rù, ibẹ̀ ni n ó sì pẹ́ sí díẹ̀. Àwa tí a dàgbà níbi tí ilẹ̀ pupa ti ń yọ̀ nígbà òjò, ara wa ti kọ́ ọgbọ́n kan láti kékeré. Bí ọ̀nà odò bá ń yọ̀, a ó fa ìdí sẹ́yìn, a ó fi gìgísẹ̀ gún ilẹ̀, a ó máa sọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni. Lórí síkì, òun gan-an ló ń gbé ènìyàn ṣubú, nítorí pé iwájú síkì ló ń bẹ̀rẹ̀ kọ́nà. Ẹni tó bá fà sẹ́yìn ti gbé ìwúwo rẹ̀ kúrò níwájú. Imú síkì á gbé sókè bí imú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n kó gbogbo ẹrù sí ní ìdí, kò ní lè di ilẹ̀ mú mọ́, ọ̀nà ọsàn ni yóò sì gbà lọ.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọjọ́ kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ ni. Ibi tí mo ti yá bàtà fún mi ní èyí tó fi nọ́ńbà kan ati ààbọ̀ tóbi jù, èmi náà sì jẹ̀bi, nítorí mo ti ráhùn pé èyí tó bá mi mu há jù. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìkìrun, tó ní ara òun ti mọ́ ọn, gbé mi gun àga tí okùn irin ń fà lọ sókè, ó ní ibẹ̀ kò le, ó sì yọ̀ lọ ní tirẹ̀. Mo kọjú sísàlẹ̀, ẹ̀rù bà mí, mo fà sẹ́yìn. Síkì sáré. Mo tún fà sẹ́yìn sí i, ó tún sáré sí i. Àwọ̀n aláwọ̀ ọsàn kan tí wọ́n ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ló gbà mí sílẹ̀: orí mi wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ mi kan wà lókè, ìbọ̀wọ́ mi kan sì ń dá yọ̀ lọ sísàlẹ̀ òkè láìdúró dè mí. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọdé dúró tì mí. Nígbà tó ti rí i pé n kò fara pa, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: “Ojúgun rẹ dà?” N kò mọ ohun tí mo fẹ́ dáhùn. N kò mọ ibi tí ojúgun mi wà láti àárọ̀.

Ojúgun yẹ kó fara ti ahọ́n bàtà síkì níwájú, nígbà gbogbo, bí ẹni fẹ̀yìn ti ògiri ṣùgbọ́n síwájú. Ọrùn ẹsẹ̀ tẹ̀, orúnkún tẹ̀, ìbàdí kò sì sí lẹ́yìn gìgísẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ ojúgun yín lára bàtà mọ́, ẹ ti fà sẹ́yìn nìyẹn, kódà bí ẹ kò tíì mọ̀. Ó tún yẹ kí bàtà há díẹ̀: bí ẹ bá dúró ṣánṣán, ọmọ ìka ẹsẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iwájú rẹ̀, bí ẹ bá tẹ orúnkún, á fà kúrò níbẹ̀, gìgísẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gbé sókè. Ìbọ̀sẹ̀ kan péré ni kí ẹ wọ̀. Ní ti ìdè tó so bàtà mọ́ síkì, tó sì gbọ́dọ̀ jáwọ́ nígbà tí ẹ bá ṣubú kí orúnkún má baà lọ́, onímọ̀ ẹ̀rọ ibẹ̀ ni yóò tún un ṣe ní ìbámu pẹ̀lú ìwúwo yín, gíga yín, ọjọ́ orí yín, gígùn bàtà àti bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n tó. Ẹ̀yin ìyá wa, ibẹ̀ kọ́ ni kéèyàn ti máa dín ọjọ́ orí kù.

Ìdúró tí gbogbo wa kọ́kọ́ kọ́ ni pé kí imú síkì méjèèjì súnmọ́ra, kí ìdí wọn sì jìnnà síra, bí òrùlé ilé tí a wò láti iwájú. Ó dára fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀ bí ibi tóóró bá dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìdúró òrùlé jà pẹ̀lú òkè láti àárọ̀ dalẹ́ yóò fi igi rìn lọ sílé. Inú rẹ̀ náà ni a sì ti ń rí ọ̀nà àbáyọ. Bí ọ̀kadà bá ya kọ́nà sósì, ara ẹni tó jókòó sẹ́yìn máa ń fẹ́ lọ sọ́tùn-ún. Bákan náà lórí síkì, bí a bá ń yà sósì, ẹsẹ̀ ọ̀tún, tó jẹ́ ẹsẹ̀ òde, ni ìwúwo ń lọ. Ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀ nínú ìdúró òrùlé, ẹ óò rí i pé ẹ ti ń yà sósì. Bí ìgboyà bá ti pọ̀ sí i, ẹsẹ̀ inú yóò fúyẹ́, yóò sì wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fipá mú un. Kọ́nà onísíkì méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí gbogbo ènìyàn ń lé kiri nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ dán ara yín wò, ẹ gbé ìdí síkì inú sókè díẹ̀ ní àárín kọ́nà. Bí kò bá ṣeé gbé, ẹsẹ̀ tí kò yẹ lẹ dúró lé. Ẹ̀rù ló sábà máa ń fà á: ara fẹ́ fara ti òkè, ó sì ń wó sínú, ẹsẹ̀ òde á pàdánù ìwúwo, á sì yọ̀ lọ.

Lórí ọ̀rọ̀ òkè ara àti ìsàlẹ̀ ara, n kò rò pé ẹnikẹ́ni ní Calgary lè kọ́ ìyá tó ń polówó ní Olú-Òde ní ohunkóhun. Ẹ wò ó bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú igbá lórí. Ẹsẹ̀ ń wá ibi tí yóò tẹ̀, orúnkún ń rọ̀, ìbàdí ń yí díẹ̀, ṣùgbọ́n láti àyà sókè kò sí ohun tó mì, ojú rẹ̀ sì wà níwájú, kì í ṣe lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí onísíkì tó mọ̀ ọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ nìyẹn: ẹsẹ̀ ń yí sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ àyà tó ń wo ìsàlẹ̀ òkè. Olùkọ́ mi sọ fún mi pé kí n gbé ọ̀pá mi méjèèjì ní dábùú níwájú mi bí ẹni gbé àwo oúnjẹ, kí n má jẹ́ kí ó dà. Mo ní ṣé kí n kúkú gbé e lórí. Kò yé e, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú igbá ìyá mi, èjìká mi sì ti dẹ́kun yíyí. Ní ti ọ̀pá náà, èrò tèmi ni pé wàhálà lásán ló ń kó bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ; kó kó o sílẹ̀ ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́.

Òkè náà ní òfin. Àjọ síkì àgbáyé, FIS, ní ìlànà mẹ́wàá tí wọ́n kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ ní ọdún 1967, èyí tó kan ọ̀rọ̀ wa jù nínú wọn sì ni pé ẹni tó wà nísàlẹ̀ rẹ ló ni ọ̀nà. Ìwọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò yà fún un, ìwọ náà ni yóò sì díwọ̀n eré rẹ mọ bí o ṣe mọ̀ ọ́n tó. Ní Kánádà, àmì róbótó aláwọ̀ ewé ni ọ̀nà tó rọrùn, igun mẹ́rin aláwọ̀ búlúù ló tẹ̀ lé e, dáyámọ́ńdì dúdú ló le. Ọ̀nà aláwọ̀ ewé ni kí ẹ ti kọ́ gbogbo ohun tí mo sọ yìí. Ara tí ẹ̀rù ń bà kì í kọ́ nǹkan tuntun. Ohun tó mọ̀ látijọ́ ló máa ń padà sí.

Ẹnìkan nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ kùn lẹ́ẹ̀kan pé eré òyìnbó ni. Lamine Guèye fi síkì díje fún Senegal ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Sarajevo ní 1984; Kwame Nkrumah-Acheampong ṣe é fún Ghana ní Vancouver ní 2010; Samuel Ikpefan sì gbé àsíá Nàìjíríà lọ sí Beijing ní 2022, bó tilẹ̀ jẹ́ pé síkì orí ilẹ̀ títẹ́jú ni tirẹ̀. Òjò dídì ń rọ̀ ní Lesotho àti ní Morocco, wọ́n sì ń ṣe síkì níbẹ̀.

Bàbá kan níwájú ti ń na ọwọ́ láti ìgbà tí mo ti sọ̀rọ̀ àwọ̀n. Wọ́n ní: “Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti ṣubú ńkọ́, báwo ló ṣe ń dìde pẹ̀lú igi gígùn lẹ́sẹ̀?” Bàbá, ẹ ṣeun, ó yẹ kí n ti sọ ìyẹn. Ẹ má kánjú dìde. Ẹ kọ́kọ́ yí ara títí síkì méjèèjì yóò fi wà nísàlẹ̀ yín, tí ara yín yóò sì wà ní ìhà òkè. Ẹ fi síkì dábùú ọ̀nà ọsàn. Bí wọ́n bá kọjú sí ìsàlẹ̀, wọn yóò ti gbéra kí ẹ tó nàró. Ẹ fà wọ́n súnmọ́ ìdí, ẹ tẹ etí wọn mọ́ òkè, ẹ fi ọwọ́ ti ilẹ̀ ní ìhà òkè, kí ẹ sì dìde lọ síwájú, kì í ṣe sẹ́yìn. Bí síkì bá ti bọ́ lẹ́sẹ̀, ẹ gbọn òjò dídì tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà dànù, kí ìdè lè mú un dáadáa, kí ẹ wá fi síkì lélẹ̀ ní dábùú. Ti ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀.